Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: sìmẹ́ǹtì tó gba igbó là

Ní ilẹ̀ Jàpáànì, erékùṣù kékeré kan wà láàrin omi, Naoshima ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1917, ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń yọ́ bàbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ wà, owó sì wà, ṣùgbọ́n èéfín ilé iṣẹ́ náà pa igi orí òkè. Nígbà tó yá, iṣẹ́ dín kù. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá, àwọn àgbà ló kù nílé. Ẹni tó bá mọ Bobè, tó mọ bí àwọn ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou ṣe ń lọ wá iṣẹ́ ní Kùtọnú tàbí ní Nàìjíríà, kò ní béèrè bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ní ọdún 1985, olórí ìlú Naoshima àti oníṣòwò kan tí ń tẹ ìwé jọ fọwọ́ sí i pé àwọn yóò tún erékùṣù náà ṣe. Oníṣòwò náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀, Soichiro Fukutake, sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi tún un ṣe. Ní 1994, obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan, Yayoi Kusama, gbé elégédé ńlá kan, aláwọ̀ ìyeyè tó ní àmì dúdú tóótòòtó, sí etí omi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjì líle gbé elégédé náà sínú òkun. Ní ọdún 2022, òmíràn ti dúró sí ààyè rẹ̀.

Láti ọdún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ilé àtijọ́ tí kò sí ẹni nínú wọn mọ́ lé àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Nínú ilé àkọ́kọ́, Tatsuo Miyajima da omi sí ilẹ̀ yàrá, ó sì fi àwọn iná kéékèèké tí ń ka nọ́ńbà sínú omi náà. Kò dá nìkan ṣe é. Ó pe 125 ará erékùṣù náà, ọmọdé àti arúgbó, kí olúkúlùkù pinnu bí iná tirẹ̀ yóò ṣe yára tó. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti gbogbo ayé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo Naoshima. Ní Ogijima, erékùṣù mìíràn ní agbègbè kan náà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tì nítorí àìsí ọmọ tún ṣí ní 2014, nítorí pé àwọn ìdílé kan ti padà wálé.

Jàpáànì jìnnà, owó ọkọ̀ òfúrufú sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó jọ ọ́ nítòsí, tí ará Bobè lè lọ wò, tí yóò sì gbọ́ èdè àwọn onílé. Igbó Ọ̀ṣun ni, ní ìlú Òṣogbo, ní Nàìjíríà. Èdè Ica tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Bantè yàtọ̀ sí ti Òṣogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Igbó náà kò tóbi: ẹ́kítà 75 péré ni. Ìlú ti yí i ká, bí omi ṣe yí erékùṣù ká.

Ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Arìnrìn-àjò yóò sọ̀ kalẹ̀ láti Savalou gba Dassa àti Bohicon dé Kùtọnú, yóò kọjá ní ẹnubodè Kraké, yóò sì gba Èkó àti Ìbàdàn kó tó dé Òṣogbo. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ wà nínú ẹgbẹ́ CEDEAO, nítorí náà ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ní ìwé ìrìn-àjò tó pé lè wọ Nàìjíríà láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́.

Láyé àtijọ́, ìlú Yorùbá púpọ̀ ló ní igbó òrìṣà lẹ́yìn odi rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti pa rẹ́. Ti Òṣogbo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ènìyàn ń gé igi níbẹ̀, wọ́n ń dẹ ọdẹ, wọ́n sì ń pa ẹja inú odò, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ikán ń jẹ àwọn ojúbọ. Àwọn olórìṣà ti darúgbó, ọmọ wọn kò sì fẹ́ jókòó tì wọ́n.

Ní 1950, obìnrin ayàwòrán kan tí wọ́n bí ní ìlú Graz, ní ilẹ̀ Ọ́síríà, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier dé Ìbàdàn. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, ó lọ kọ́ nípa òrìṣà lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ. Nígbẹ̀yìn ó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93.

Àdùnní kò kó oníṣẹ́ ọnà wá láti òkè òkun. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nílùú ló pè. Adébísí Àkànjí jẹ́ mọlémọlé. Ilé ló ń kọ́ fún ènìyàn kó tó wọ inú igbó. Kásálí Àkàngbé jẹ́ agbẹ́gilére. Bùráímọ̀ Gbádàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ojúbọ tó ń wó, wọ́n tún ògiri wọn mọ. Lẹ́yìn náà ni ère bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri, tí ó sì ga ju ènìyàn lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì nítorí ẹ̀sìn lè wo orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí: orúkọ Mùsùlùmí wà nínú wọn dáadáa. Iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ.

Ọgbọ́n Àkànjí kò jìnnà sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà láti Bràsíìlì sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, wọ́n mú irú ilé kíkọ́ kan bọ̀ tó ní òdòdó àti ẹranko sìmẹ́ǹtì lára. Àwọn mọlémọlé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kọ́ ọ. Kìnnìún sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí iwájú ilé olówó. Irú kìnnìún bẹ́ẹ̀ ni Ulli Beier ń wá ẹni tó lè ṣe nígbà tí ó rí Àkànjí. Láti orí ẹranko, Àkànjí bọ́ sórí ògiri oníhò, níbi tí ó ti fi sìmẹ́ǹtì sọ ìtàn: àwọn ènìyàn, ẹyẹ, ọba lórí ẹṣin.

Ohun èlò tó kọ́ ère inú igbó náà kò ṣàjèjì sí mọlémọlé Bobè. Irin ni egungun rẹ̀. Wọ́n ń tẹ irin náà, wọ́n ń so ó pọ̀, títí yóò fi dúró bí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á wá fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn bò ó díẹ̀díẹ̀, ìpele kan lórí òmíràn, kí ó má baà sán. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan níbẹ̀.

Nígbà tí àlejò bá sanwó lẹ́nu ọ̀nà, afinimọ̀nà yóò mú un wọlé. Ògiri tó yí igbó ká pàápàá jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Òtútù igbó á bá a, ariwo ọkọ̀ á rẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀bọ á sì máa fò lókè. Yóò kan Ìyá Mọ̀ọ́pó, tí ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, tó na gbogbo wọn jáde. Òun ni òrìṣà àwọn obìnrin tí ń mọ ìkòkò, tí ń pa aró, tí ń bímọ. Kò jọ ère tí àwọn baba ńlá ń gbẹ́; ó jọ ohun tó hù láti ilẹ̀. Àwọn kan sọ nígbà náà pé kì í ṣe iṣẹ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó pò sìmẹ́ǹtì náà, ọwọ́ Òṣogbo ni.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé sìmẹ́ǹtì, tí í máa ń pa igbó, ló gba igbó yìí là. Ibi tí ère ńlá bá dúró sí, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni gé ilẹ̀ rẹ̀ tà. Ìjọba Nàìjíríà fi apá kan igbó náà ṣe ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Lára ewé tó kù níbẹ̀ ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń wá kiri níbòmíràn tí wọn kò rí.

Ẹni tí kò bá ní agbára ìrìn-àjò Nàìjíríà lè bẹ̀rẹ̀ ní Ouidah. Lójú ọ̀nà tó lọ sí etíkun, àwọn ère sìmẹ́ǹtì Cyprien Tokoudagba, ọmọ Abomey, dúró láti ìgbà àjọ̀dún ńlá tí wọ́n ṣe ní oṣù kejì ọdún 1993. Láàrin ìlú, ilé Àgùdà kan tí wọ́n kọ́ ní 1922, Villa Ajavon, ti di ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà òde òní láti 2013. Fondation Zinsou ló ni ín.

Ṣùgbọ́n ère kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Òjò ń wọ inú sìmẹ́ǹtì tó bá sán, irin inú rẹ̀ ń dípẹtà, gbòǹgbò igi ń gbé ẹsẹ̀ ère sókè. Ikán kò lọ. Lọ́dọọdún ni ó yẹ kí ẹnì kan gun àkàbà, kí ó di ojú sísán. Àwọn àgbà oníṣẹ́ náà ti ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Ewu kejì le ju ìyẹn lọ. Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Ó ti òkè wá. Lókè odò náà, àwọn ènìyàn ń wa wúrà, wọ́n sì ń fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú àwọn omi tí ń ṣàn wọ inú odò. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni omi tó ń kọjá lẹ́sẹ̀ àwọn ère ti pọ́n bí amọ̀. Kò sí ère tó lè dá èyí dúró, nítorí kì í ṣe inú igbó ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, Arugbá, ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin, máa ń gbé igbá ẹbọ láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí etí odò, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2022, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó wá pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn bu ú sínú ike, wọ́n dé e, wọ́n sì gbé e lọ sílé fún àwọn ọmọ wọn.