Pípọ́n Abẹ Ìfárí Nínú Ilé: Ìlànà Iṣẹ́ àti Ìmọ́tótó ní Agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáárà

Ohun èlò pàtàkì ni abẹ jẹ́ láwùjọ Yorùbá. Òun ni onígbàjámọ̀ fi ń fá orí àti irùngbọ̀n, òun náà ni olóòlà fi ń kọlà. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, fífá orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ keje wà lára ohun tí àwọn ìdílé Mùsùlùmí ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ. Lóòótọ́, ayé ti ń yí padà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì gbà wọlé ní ọdún 2007, ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun tí ń lo iná mànàmáná sì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Síbẹ̀, abẹ kò tíì kúrò nínú ilé. Kókó tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni pé abẹ mímú yàtọ̀ sí abẹ mímọ́, àti pé ẹni tí yóò pọ́n abẹ nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà méjèèjì.

Abẹ àti Òkúta Ìpọ́nbẹ

Oríṣi abẹ méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ ń rọ. Èkejì ni abẹ tí a ń ká sínú èkù, tí ó ti òkè òkun wá. Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen ní Jámánì ni wọ́n lókìkí jù fún ṣíṣe irú rẹ̀. Abẹ ní ẹnu tí ó ń fá irun, ó ní ẹ̀yìn tí ó nípọn, ó sì ní èkù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni abẹ kò lè pọ́n ara rẹ̀. Òkúta ni yóò bá a ṣe é.

Ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí ó wà létí ọ̀sà. Kò ní àpáta bí ti Abẹ́òkúta. Nítorí náà, rírà ni a ń ra òkúta ìpọ́nbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì tàbí ìdí àwo ni a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Èyí lè tó fún ọ̀bẹ tí a fi ń la ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n yóò ba abẹ jẹ́, nítorí pé ẹnu abẹ tín-ínrín, ohun tí ó rí gbágungbàgun yóò sì sọ ọ́ di eléyín bí ayùn.

Lára òkúta àtọwọ́dá ni irú èyí tí Edward Acheson, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lé èròjà rẹ̀ lórí ní ọdún 1893, tí à ń pè ní carborundum. Nọ́ńbà ni a fi ń dá àwọn òkúta òde òní mọ̀: 1000, 4000, 8000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe kúnná tó.

Ìlànà Pípọ́n

Lákọ̀ọ́kọ́, a óò fi ọṣẹ àti omi fọ abẹ kí ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ òkúta. A óò fi omi rin òkúta, a óò sì gbé e lé orí àkísà tí ó tutù kí ó má baà yọ̀.

Lẹ́yìn èyí, a óò tẹ́ abẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹnu àti ẹ̀yìn rẹ̀ kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. A kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, nítorí pé òun ni ó ń pinnu bí ẹnu yóò ṣe dagun tó. A óò ti abẹ síwájú, ẹnu ni yóò sì ṣáájú. Bí ó bá dé òpin òkúta, a óò yí i padà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, a óò sì fà á bọ̀. Ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, kì í ṣe agbára.

Òkúta 1000 ni yóò tún ẹnu abẹ ṣe. 4000 àti 8000 yóò mú un dán. A kò gbọdọ̀ fi òkúta kan sílẹ̀ títí iṣẹ́ tirẹ̀ yóò fi dọ́gba láti ìdí abẹ dé ṣóńṣó rẹ̀.

Awọ ni ó gbẹ̀yìn. Níhìn-ín, ẹ̀yìn abẹ ni yóò ṣáájú, nítorí pé bí ẹnu bá ṣáájú, yóò gé awọ. Ìdí nìyí tí onígbàjámọ̀ àtijọ́ fi máa ń fa abẹ lórí awọ tàbí àtẹ́lẹwọ́ kí ó tó fárí. Bí awọ kò bá mú un bọ̀ sípò mọ́ ni a óò tó padà sórí òkúta.

Afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà máa ń mú irin dógùn-ún kíákíá. Nítorí náà, kí a nu abẹ gbẹ, kí a sì fi òróró díẹ̀ pa á kí a tó gbé e pamọ́.

Mímú Kì í Ṣe Mímọ́

Òkúta kì í pa kòkòrò àrùn. Abẹ tí ó mú jù lọ lè gbé kòkòrò HIV tàbí ti àrùn ẹ̀dọ̀ láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ irú B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ó bá kúrò nínú ara. Awọ àti òkúta tí abẹ ẹlẹ́jẹ̀ kàn lè di ibùgbé rẹ̀. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní abẹ àti awọ tirẹ̀. Fún orí ọmọ tuntun, abẹ tuntun tí a óò sọ nù lẹ́yìn ìlò ni ó yẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ onígbàjámọ̀ lè fi àwòrán tàbí abẹ onígi ṣe àpẹẹrẹ. Kò yẹ kí ó gbé abẹ gidi fún ọmọdé. Kí ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ bí pọ́n, mú, kúmú, ẹnu àti èkù, kí ó sì fi ìyàtọ̀ mímú àti mímọ́ kádìí ẹ̀kọ́ náà. Àṣà tí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é láìpa ẹnikẹ́ni lára ni yóò tọ́jọ́.