Ojú Ọlọ́jà Ń Bẹ Nínú Ìdì Ẹrù Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ní ọjà Ìkàrẹ́. Bí obìnrin kan bá tẹ́ kíjìpá sílẹ̀ níbẹ̀, oníbàárà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ pa aṣọ náà, yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò sì wo ojú ẹni tí ń tà á kí ó tó ná an. Bí àbùkù kan bá wà, wọn yóò sọ ọ́ lójú ara wọn, wọn yóò sì parí rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí nípa oníbàárà tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó rí àwòrán aṣọ lórí fóònù, tí ó sì ti san owó kí ó tó fi ọwọ́ kàn án? Ẹni bẹ́ẹ̀ lè má rí ojú wa títí ayé. Ìdì ẹrù tí a bá fi ránṣẹ́ sí i ni ojú wa. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ìyá ilé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Àkókó yóò mọ̀ pé ó pẹ́ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń hun aṣọ. Òfì tiwọn kì í ṣe òfì àwọn ọkùnrin, tí òwú rẹ̀ nà gbọọrọ lórí ilẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ sì rí tín-ín-rín. Òfì tí ó nàró ti ògiri ni. Aṣọ rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì ń pẹ́ lára. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ni yóò wá sí ọjà. Ní ọdún 2001, fóònù alágbèéká irú ti òde òní dé sí Nàìjíríà. Ní ọdún 2010, Instagram bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láyé. Àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wọn, wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjà ti gbòòrò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti jìn láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, a ó jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ìbátan wa kan ń bẹ ní Ọ̀kà, opó ni, ọlọ́mọ mẹ́ta, ahunṣọ sì ni. Ní àkókò òjò kan, ìyá ìyàwó kan ní Èkó rí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè aṣọ mẹ́ta fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Àwìn ni opó yìí ra òwú. Ó hun ún lọ́sàn-án, ó hun ún lálẹ́, títí iṣẹ́ fi parí. Àwa tí a mọ̀wé ni ó bẹ̀ pé kí a bá òun dì í. A mú páálí tí a ti fi kó ọṣẹ rí, a kó aṣọ sínú rẹ̀, a fi okùn so ó, a sì fi yíǹkì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí òde. A kò fi ọ̀rá bò ó. A gbé e lọ sí gáréèjì ní Ìkàrẹ́, wọ́n so ó mọ́ orí ọkọ̀, a sì padà sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Òjò rọ̀ lójú ọ̀nà. Páálí rọ̀ bí ẹ̀kọ, yíǹkì ṣàn lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè ka orúkọ oní-nǹkan mọ́. Ọjọ́ méjì ni ẹrù fi wà nílẹ̀ ní gáréèjì Èkó kí a tó wá a kàn. Aró aṣọ kan ti yí ara èkejì, gbogbo rẹ̀ ń rùn ọṣẹ, ìgbéyàwó sì ti kọjá. Awakọ̀ kò jẹ̀bi; àwa ni a jẹ̀bi. Nígbà tí oníbàárà béèrè owó rẹ̀, a rò pé kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó gba ìdajì. Ṣùgbọ́n opó náà wí fún wa pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a dá gbogbo owó náà padà. Bí mo bá jẹ owó aṣọ tí kò ṣeé lò, kí ni mo tún fẹ́ tà lọ́la?” A dá owó náà padà, gbèsè òwú sì wà lọ́rùn wa fún oṣù púpọ̀. Oníbàárà náà kò tíì rà á mọ́ títí di òní.

Láti ìgbà náà ni a ti kọ́ ọgbọ́n. Bí a bá sì rò ó, ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tí ń kó obì lọ sí ìlú Òkè Ọya a máa tẹ́ ewé gbódògì sínú apẹ̀rẹ̀, kí obì má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Obì ń fẹ́ ọ̀rinrin. Aṣọ ń sá fún un. Ìkòkò amọ̀ ń bẹ̀rù ìkọlù. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ẹrù rẹ̀ ń bẹ̀rù ni ó mọ ẹrù dì.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ sá aṣọ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí aṣọ tí ó tutù díẹ̀ yóò hu èéfunfun nínú páálí. Kí a ká a, kí a fi bébà mímọ́ tí a kò tẹ nǹkan sí wé e, kí a sì fi ọ̀rá bò ó, kí a lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa. Kí páálí jẹ́ tuntun tàbí èyí tí kò ní òórùn, kí ó má sì tóbi ju ẹrù lọ. Bí a bá ti dì í tán, kí a gbé e jìgìjìgì. Bí nǹkan bá ń yí nínú rẹ̀, ìdì náà kò tíì pé. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò, kí a fi bébà rírún kún inú rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí a kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan sí òde, kí a fi sẹ́lótéèpù bò ó mọ́lẹ̀, èkejì sórí ìwé kékeré nínú ẹrù. Bí òde bá parẹ́, inú yóò jẹ́rìí. Bí a bá fi ẹrù rán awakọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní wéébíìlì, kí a gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti fóònù awakọ̀, kí a ya àwòrán ẹrù, kí a sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ìkàrẹ́.

Ohun kan tún wà tí ń pa ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lára: wọn kì í ka owó ìdì mọ́ owó ọjà. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ: bí páálí bá jẹ́ 500 náírà, tí sẹ́lótéèpù àti ọ̀rá jẹ́ 300, tí owó ọkọ̀ láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ ní àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ 2,000, 2,800 náírà ti lọ kí ẹrù tó kúrò ní Àkókó rárá. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò máa tà, yóò máa dùn, àpò rẹ̀ yóò sì máa gbẹ.

Ní ti òkè òkun, Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ gbogbo ayé láti ọdún 1961, àwọn orílẹ̀-èdè 192 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹrù kékeré tí kò ju kílò 2 lọ lè gba ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àwọn aṣọ́bodè tí a ń pè ní CN22, níbi tí a ó kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ sí. Kí a kọ òtítọ́. Àwọn kan ń kọ “ẹ̀bùn” sí ohun tí wọ́n tà. Irọ́ ni, ó sì lè mú kí a gba ẹrù náà. Kí a má ṣe fi ewé kankan lé kòkòrò nínú ẹrù tí ń lọ sí òkè òkun, nítorí àwọn aṣọ́bodè kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun ọ̀gbìn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá àṣà dúró tí ó fi ń jẹ́ kí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ wọlé láìsan owó ibodè. Nítorí náà, kí ọlọ́jà béèrè ìlànà tí ó wà lójú iṣẹ́ kí ó tó gba owó ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí oníbàárà má baà bá owó tí kò rò tẹ́lẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ìdì ẹrù jọ iṣẹ́ ẹrú lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọmọdé tàbí fún ìkánjú, bí àwa náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a hun tán tí a kò dì dáradára, a kò tíì hun ún tán. Opó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti san gbèsè òwú náà, òfì rẹ̀ sì tún nàró ti ògiri ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, kí ó tó pe ẹnikẹ́ni láti bá a gbé ẹrù lọ sí Ìkàrẹ́, òun tìkára rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e jìgìjìgì, tí yóò sì tẹ́tí sí i.