Rẹfirí Bọ́ọ̀lù Iléèwé: Ta Ló Yẹ Kó Jáde Bí Ọmọ Méjì Bá Forí Gbárí?

Bọ́ọ̀lù ga sókè níwájú ilé. Aṣọ́lé fò, atamátàsé náà fò, orí kọlu orí, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀. Kí eruku tó rọlẹ̀, apá kan pápá ti ń pariwo káàdì pupa, apá kejì ń búra pé ọmọ àwọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin fún láṣẹ láti sọ bó ṣe jẹ́: rẹfirí. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, iṣẹ́ yìí làwọn èèyàn máa ń bú jù níbi eré àwọn ọmọ iléèwé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, béésìbọ́ọ̀lù náà ní irú ẹjọ́ ìkọlura yìí: ẹni tó ń sáré bọ̀ wá ibi tí wọ́n ń pè ní ‘ilé’ àti ẹni tó dúró de bọ́ọ̀lù níbẹ̀ máa ń kọlu ara wọn. Òfin iléèwé girama wọn kò gba gbẹ̀rẹ́. Ọmọ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkà kọlu ẹlòmíràn yóò jáde, kódà bí ẹni tó kọlù bá dí i lọ́nà láìtọ́. Líìgì àwọn àgbà kò tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kọlu Buster Posey, ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀lù nílé, ní 2011 tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ni ariwo tó pọ̀, 2014 ni òfin tuntun tó dé. Mo gbà pé àwọn iléèwé ló ṣe é bó ṣe yẹ: ara ọmọ tó ṣì ń dàgbà ló yẹ kí òfin kọ́kọ́ dáàbò bò.

Nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tiwa, Òfin 12 ló sọ̀rọ̀ nípa ìkọlura, ìpele mẹ́ta ló sì pín in sí. Bí ọmọ bá kọlu ẹlòmíràn nítorí pé kò kíyè sára, rẹfirí yóò fun fèrè, àwọn alátakò yóò sì gbá bọ́ọ̀lù láti ibẹ̀. Kò sí káàdì. Bí kò bá bìkítà fún ewu tó wà níbẹ̀, káàdì yẹ́lò ni. Bó bá lo agbára kọjá bó ṣe yẹ, tàbí tó fi ara ẹlòmíràn wewu, káàdì pupa ni. “Ó kan bọ́ọ̀lù!” ni igbe tí a máa ń gbọ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àmọ́ igbe yẹn kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ káàdì.

Ohun tó ṣòro jù fún òbí láti gbà ni pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni rẹfirí fi ń dájọ́. Ọmọ lè fara pa gan-an níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí, bí àwọn méjèèjì bá jọ fò tí ojú wọn sì wà lára bọ́ọ̀lù. Ọmọ mìíràn lè dìde láìní ọgbẹ́ kankan, síbẹ̀ kí ẹni tó fi eyín abẹ́ bàtà gbá a léegun jáde. Eré tí wọ́n sá bọ̀ ni rẹfirí ń wò, bí ẹsẹ̀ tàbí ìgúnpá ṣe ga tó, àti bóyá bọ́ọ̀lù ṣì wà ní àrọ́wọ́tó. Ibi tó dúró sí ló sì ń pinnu ohun tó máa rí.

Rẹfirí àgbà pàápàá lè kùnà. Ní Seville, níbi Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1982, Patrick Battiston ti ilẹ̀ Faransé ti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán kí Harald Schumacher, aṣọ́lé Jámánì, tó fò lù ú. Ó dákú, eyín rẹ̀ yọ, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa. Rẹfirí Charles Corver kò fun fèrè fún ẹ̀ṣẹ̀, kò yọ káàdì. Aṣọ́lé yẹn ló gbá bọ́ọ̀lù padà sínú eré. Bẹ́ẹ̀, láti Ife Àgbáyé 1970 ni káàdì ti wà, èyí tí Ken Aston, rẹfirí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ronú kàn. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní pápá iléèwé tí kò ní igbákejì rẹfirí tó kọ́ṣẹ́.

Káàdì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Bí orí bá kọlu orí, eré gbọ́dọ̀ dúró kíá. Òfin gbà pé bí aṣọ́lé àti agbábọ́ọ̀lù bá kọlura, kí wọ́n tọ́jú àwọn méjèèjì lórí pápá láìlé ẹnikẹ́ni síta. Láti 2017 ni òfin sì ti gba ìdíje àwọn ọmọdé láyè láti ní kí ọmọ tó gba káàdì yẹ́lò jókòó síta fún ìgbà díẹ̀. Ó wù mí kí a lò ó níhìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fèrè lé olùkọ́ iléèwé tó ń gbàlejò lọ́wọ́. Ẹ pe rẹfirí tó gba ẹ̀kọ́, ẹ gbé àpótí ìtọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bí rẹfirí bá sì lé ọmọ jáde, kí olùkọ́ kan mú un lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.