Nígbà tí Àlejò Bá Pọ̀ ju Onílé Lọ: Àyípadà Àṣà Nínú Ẹgbẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú èèwọ̀ náà ni kò sì sí nínú ìwé. Onílé ni ó ń fi han àlejò. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí iye àlejò bá borí iye onílé. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ìwà burúkú àlejò ni ó sábà máa ń yí ẹgbẹ́ padà, bí kò ṣe àìtó àwọn tí yóò kọ́ wọn.

Usenet àti Oṣù Kẹsàn-án tí Kò Parí

Ní ọdún 1979 ni Tom Truscott àti Jim Ellis, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, gbèrò Usenet. Kọ̀ǹpútà kan a máa pe èkejì lórí tẹlifóònù, wọn a sì ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn kọ sí abẹ́ àkòrí lóríṣiríṣi. Kò ní olórí. Àṣà ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ohun tí wọ́n ti dáhùn láìmọye ìgbà, wọn a ní kí ó lọ ka àkójọ ìbéèrè àti ìdáhùn tí àwọn àgbà ti ṣe sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ sí ibi tí kò yẹ, wọn a bá a wí, nígbà mìíràn tèébú-tèébú.

Oṣù kẹsàn-án ni oṣù ìyọnu lọ́dọọdún, nítorí ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọ yunifásítì tí wọ́n sì ń rí Usenet lò. Wọn a ṣi ẹsẹ̀ gbé, àwọn àgbà a kùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tí yóò kọ́ a ti kọ́, àwọn tí yóò lọ a ti lọ. Bí ọmọṣẹ́ méjì bá wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, wọn yóò mọṣẹ́. Bí wọ́n bá di ogójì, ara wọn ni wọn yóò máa wò ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún 1993 sí 1994, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta àǹfààní íntánẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn Usenet fún oníbàárà wọn. America Online ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1994. Àwọn àlejò wọ̀nyí kì í dúró de oṣù kẹsàn-án. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi àwàdà pe oṣù kẹsàn-án ọdún 1993 ní oṣù tí kò parí. Lójú ẹni tí ó dé lónìí, ohun tí àlejò àná ń ṣe ni àṣà.

Ìbáwí pẹ̀lú kò ràn mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, agbẹjọ́rò méjì ní Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, fi ìpolówó iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkòrí. Lẹ́tà ìbínú rọ́ wọlé debi pé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀. Ojú kò tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn rí oníbàárà. Èébú kì í dun ẹni tí kò ka ara rẹ̀ mọ́ ará ilé. America Online ti ilẹ̀kùn náà padà ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n ilé ti yàtọ̀.

Nígbà tí Onílé Bá Mọ Odi

Oògùn náà lè di àrùn. Wikipedia bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001. Nígbà tí èrò ń rọ́ wọ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe òfin púpọ̀, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí ń pa iṣẹ́ tí kò dára rẹ́ kíákíá. Iye àwọn tí ń kọ̀wé déédéé dé góńgó ní ọdún 2007, lẹ́yìn náà ni ó ń lọ sílẹ̀. Ìwádìí Aaron Halfaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2013, fi hàn pé ìwọ̀n àlejò tí ó ní èrò rere kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún 2006. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n túbọ̀ ń pa rẹ́, ọ̀pọ̀ kò sì padà wá. Ẹ̀rọ lè lé ènìyàn. Ó ṣòro kí ó kọ́ ọ.

Ti NoSleep, ẹgbẹ́ onítàn abanilẹ́rù lórí Reddit, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ibẹ̀ ni pé kí olùkà ṣe bí ẹni pé òótọ́ ni gbogbo ìtàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, Reddit fi í kún àwọn ẹgbẹ́ tí gbogbo ẹni tuntun ń bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀, èrò sì ya wọlé. Charles Kiene, Andrés Monroy-Hernández àti Benjamin Mako Hill jábọ̀ ní ọdún 2016 pé ẹgbẹ́ náà kò fọ́. Àwọn alákòóso ibẹ̀ fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lásán náà kò dákẹ́: bí àlejò bá béèrè bóyá ìtàn kan jẹ́ òótọ́, wọn kì í dúró de alákòóso kí wọ́n tó rán an létí òfin.