Sóbò Eléso: Bí Ohun Mímu Pupa Ṣe Gba Ipò Ọlá Níbi Ìnáwó ní Ìlọrin

Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ní Táíwò Road, ní Ìlọrin, àwọn tó gbé kúlà kalẹ̀ lẹ́bàá títì kì í sinmi. Ọlọ́kadà á dúró, akẹ́kọ̀ọ́ á yà, oníṣòwò á yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: “Ìyá, ẹ bá mi mú èyí tó tutù jù.” Sóbò ni wọ́n ń béèrè, tó pupa fòò nínú ìgò oníke. Tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀, sóbò kan náà á wọ abọ́ díńgí ńlá níbi yìgì, ìsọmọlórúkọ tàbí wòlímọ̀. Ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn àti ápù á máa léfòó lórí rẹ̀, ẹni tó ń bù ú á sì rí i pé èso díẹ̀ wọ inú ife àlejò kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ti ilẹ̀ Sípéènì wá lè kọ́kọ́ rò pé sangria ni. Wọ́n jọra lójú, wọ́n sì jọra ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe wọ́n, àmọ́ kò sí ọtí nínú ti Ìlọrin. Ìtàn bí sóbò eléso ṣe dé orí tábìlì wa ti pẹ́. Ó yẹ ká mọ ìtàn náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìṣápá ni ìpìlẹ̀

Ohun ọ̀gbìn tí sóbò ti ń wá kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìṣápá ni. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Hibiscus sabdariffa, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì gbà pé ó ti ṣẹ̀. Ìṣápá funfun ni àwọn ìyá wa ń fi ẹ̀gúsí àti irú sè. Àwọn Ìgbómìnà àti Èkìtì mọ adùn ọbẹ̀ yẹn dáadáa. Ìṣápá pupa ni ti sóbò. Ohun tí a ń sè níbẹ̀ kì í ṣe òdòdó gan-an. Bí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, àwọn ewé kéékèèké tó gbà á mọ́ra nídìí á wú, wọ́n á nípọn, wọ́n á pọ́n, wọ́n á sì kan lẹ́nu. Àwọn ni àgbẹ̀ ń já, tó ń yọ kóró inú wọn kúrò, tó sì ń sá sóòrùn títí wọ́n á fi gbẹ.

Ọwọ́ àwọn Hausa ni a ti gba sísè rẹ̀ fún mímu ní Nàìjíríà. Òkè Ọya ni oko rẹ̀ pọ̀ sí: Jigawa, Kano, Katsina, Yobe, Borno. Ìlọrin sì ni ẹrù Òkè Ọya àti ẹrù ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé láti ayébáyé. Àwọn oníṣòwò Hausa fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò Gàm̀bàrí, ọ̀kan nínú àdúgbò mẹ́rin tó ní balógun tirẹ̀ nílùú náà, pẹ̀lú Fúlàní, Ajíkobí àti Àlánámù. Ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, nígbà tó sì fi máa di 1912, ọkọ̀ rélùwéè ti ń rìn láti Èkó dé Kano. Sóbò gbígbẹ fúyẹ́, kì í sì í tètè bàjẹ́. Irú ẹrù tí ìrìn jíjìn kì í pa lára nìyẹn. Ohun mímu àwọn Gàm̀bàrí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá kọ́kọ́ kà á sí. Lónìí, ó ti di ohun tí ọmọ onílé ń sè fún àlejò rẹ̀ láì ro ibi tó ti wá.

Ìlú tí kì í gbé ọtí síwájú àlejò

Yorùbá ní ọtí tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ẹmu, ògùrọ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, àgàdàgídí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Ìlọrin gba ọ̀nà mìíràn. Láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí Abdulsalami ọmọ Ṣéhù Àlímì ti di émíà àkọ́kọ́, ẹ̀sìn Islam ló gbé ìlú náà ró. Kuran, nínú Súrà al-Maida, ẹsẹ 90, ka ọtí mọ́ ohun tí onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ yàgò fún. Ẹni tó bá ń náwó ní Ìlọrin ní láti wá ohun tí yóò bọlá fún àlejò láì fi ọtí kàn án.

Mínírà ló ṣe iṣẹ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn, ó sì rọrùn láti pín, àmọ́ ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, bákan náà ló sì rí níbi gbogbo. Òfin ìṣúná ọdún 2021 tún fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá wọ́n sí i, títí kan wáìnì tí kò lọ́tí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì tọkọtaya. Ìnáwó kò ṣeé dá dúró, àlejò kò sì ṣeé dá padà. Ìyálé ilé bá yíjú sí ohun tó wà nítòsí: sóbò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn, atalẹ̀.

Àwọn náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n. Àrùn tó kọlu oko atalẹ̀ ní gúúsù Kaduna ní 2023 sọ atalẹ̀ di ohun tí ènìyàn ń ronú kó tó rà. Síbẹ̀, owó tí kò ní ra wáìnì kárí tábìlì mẹ́ta lè se sóbò eléso tí gbogbo àlejò yóò mu yó.

Ohun tó so ó pọ̀ mọ́ sangria

Ní Sípéènì àti ilẹ̀ Potogí, wáìnì pupa ni wọ́n ń dà sínú abọ́. Wọ́n á gé ọsàn àti ápù sí i, wọ́n á fi ṣúgà sí i, àwọn mìíràn á fi bràńdì díẹ̀ kún un, wọ́n á wá gbé e síbi tó tutù fún wákàtí mélòó kan kí adùn èso lè wọ inú rẹ̀. Ìgbà ooru ni wọ́n ń mu ún jù, níbi tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ bá péjọ sí. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní New York ní 1964 sí 1965 ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ní àgọ́ ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn tó ni ín kò sì fi ṣeré: òfin tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2014 sọ pé èyí tí wọ́n bá ṣe ní Sípéènì tàbí Potogí nìkan ló lè jẹ́ sangria lórí ìgò.

Èròjà tó ń pa wáìnì láró, tí wọ́n ń pè ní anthocyanin, ìbátan rẹ̀ ló wà nínú sóbò. Èèpo èso àjàrà ni wáìnì ti ń gbà á. Ewé ìdí òdòdó ni sóbò ti ń gbà á. Ìkan inú sóbò ló ń mú kí àwọ̀ yẹn máa pọ́n. Bí ẹnì kan bá da kán-ún sí i, pupa rẹ̀ á yí padà sí àwọ̀ aró. Ìdí nìyí tí ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fi bá sóbò mu tó bẹ́ẹ̀: ìkan tiwọn ń gbè é lẹ́yìn.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lókè òkun ti ń fi ìṣápá pupa ṣàríyá tipẹ́. Ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n sì ti ń gbìn ín ní Jàmáíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Títí dòní, wọ́n ń fi atalẹ̀ sè é fún Kérésìmesì níbẹ̀, sorrel ni wọ́n sì ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ń mu ohun mímu pupa, títí kan ti ìṣápá, ní ọjọ́ Juneteenth, 19 oṣù Kẹfà, ìrántí ọjọ́ tí ìròyìn òmìnira dé Galveston ní Texas ní 1865. Bissap ni wọ́n ń pe sóbò ní Senegal, sobolo ni ní Gánà, karkade ni ní Íjíbítì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé fi ń gba àlejò nìyí, oko wa ló sì ti ń hù.

Bí wọ́n ṣe ń sè é kó dára

Ife 2 sóbò gbígbẹ tó fún omi lítà 3. Ẹ ṣà á kí iyanrìn àti igi tán nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án kíá. Bí ẹ bá rẹ ẹ́, pupa rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ fọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan dáadáa kí ẹ tó bó o. Èèpo rẹ̀ ń lọ sínú ìkòkò pẹ̀lú sóbò, ara rẹ̀ á dúró de ìgbẹ̀yìn. Ẹ gún atalẹ̀ tó tó ìka méjì, kí ẹ fi kànáfùrù bíi 8 kún un. Kí gbogbo rẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná, òórùn dídùn rẹ̀ á bá èéfín lọ.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dé e, kí ó tutù, kí ẹ wá fi aṣọ funfun tí ẹ ti bọ̀ nínú omi gbígbóná sẹ́ ẹ. Ṣúgà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mú un dùn, ṣùgbọ́n dàbínù dára jù ú lọ fún ti ìnáwó. Ẹ rẹ dàbínù, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sẹ́ ẹ sí i. Á jẹ́ kí sóbò ki díẹ̀ lẹ́nu, adùn rẹ̀ kò sì ní le jù.

Èso ló kù. Ẹ gé ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà, ọsàn 2 tí ẹ ti yọ kóró wọn, àti ápù 2, sínú sóbò tó ti tutù, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún wákàtí 4 ó kéré tán. Bàrà olómi àti ìbẹ́pẹ tètè ń rọ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú fún àlejò ni kí ẹ tó fi wọ́n sí i. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan lé e lórí. Fún yìnyín, ẹ da díẹ̀ nínú sóbò náà sínú ike kó dì, nítorí yìnyín omi lásán á sọ abọ́ náà di omi kí àdúrà tó parí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́ wà, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń gbà á lálejò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ara èso ní ìwúkàrà tí ojú kì í rí. Iná ń pa ti èèpo tó wọ ìkòkò, ṣùgbọ́n èso tútù tí a gé sí i lẹ́yìn náà kò rí iná. Bí abọ́ bá wà níta nínú ooru Ìlọrin láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí hó, á yọ fóòmù, ọtí á sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ohun tí a sè nítorí kí a má baà mu ọtí. Nítorí náà, kí èso má wọ inú rẹ̀ àyàfi tí fìríìjì bá wà, kí a sì mu ún tán láàárín ọjọ́ kan. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì wa ti yẹ sóbò tí wọ́n ń kiri wò, wọ́n sì bá kòkòrò àrùn nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Omi tí kò mọ́, ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti ìgò àlòkù ni wọ́n sábà ń gbà wọlé.

Bí a bá sè é dáadáa, àǹfààní ń bẹ níbẹ̀ fún ara. Ìwádìí tí Diane McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Tufts gbé jáde ní 2010 fún ènìyàn 65 tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀ ní ohun mímu. Àwọn kan mu omi sóbò ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, àwọn yòókù mu ohun mìíràn tó jọ ọ́. Òǹkà òkè ìfúnpá àwọn tó mu sóbò fi nǹkan bí 7 wálẹ̀. Ti àwọn yòókù kò ju nǹkan bí 1 lọ. Ìdí rèé tí ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá fi gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó sọ ọ́ di àmumọ́ra. Kí aláboyún náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ìyá tó ń sè é ni pé kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára ìgò, kí ẹ má sì lo ìgò tí ẹ ṣà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó, ẹ san owó tó yẹ fún ẹni tó bá sè é dáadáa bí ẹ ṣe ń san ti alásè, ẹ má sì fi sóbò sí ẹ̀yìn tábìlì bí ohun tí a gbé jáde nítorí àìrówó. Ohun àpọ́nlé ni, ilẹ̀ wa ló hù ú, ó sì yẹ kó wà níwájú àlejò tó lọ́lá jù lọ nínú agbo.