Kí mẹkáníìkì tó ní ká ra páàtì

Tí tokunbo yín bá ń gbọ̀n nídìí iná pupa, tó sì ń kú bí ẹ bá ti tan AC, ẹ ti mọ ohun tí mẹkáníìkì máa sọ: "Pọ́ọ̀gì ni." Ẹ ra pọ́ọ̀gì, ọkọ̀ ṣì ń kú. "Á jẹ́ pé fúẹ̀lì pọ́ǹpù ni." Ẹ tún ra ìyẹn. Owó yín ló fi ń kọ́ṣẹ́ o!

Lóòótọ́, pọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì lè fà á. Ṣùgbọ́n throttle tó dọ̀tí lè fà á, rọ́bà vacuum tó ti sán náà lè fà á, tí afẹ́fẹ́ tí brain box kò kà á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ká fọ throttle tàbí ká pààrọ̀ rọ́bà kì í wọ́nwó tó pọ́ǹpù. Kí ó kọ́kọ́ so scanner mọ́ ọn. Kí ó máa yọ wáyà kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: èyí tó yọ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà, sílíńdà yẹn ni kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ eré kọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí Third Mainland, sìtíárìn á le, bíréèkì náà á le.

Òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó dáa. Bí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá lára owó yín padà. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ bi í: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí níbẹ̀?" Tí kò bá rí nǹkan kan, ẹ má ra nǹkan kan.