Ògiri Tó Ń Rin ní Bìní: Òótọ́ àbí Irọ́?

Òjò ìlú Bìní kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò Ìbàdàn. Ti Ìbàdàn tó nǹkan bí 1,300 mílímítà lọ́dún. Ti Bìní ń lọ sí bíi 2,000. Ẹni tó bá kó dé àdúgbò Ugbowo ní Bìní lóṣù Kẹfà, kó tó di oṣù Kẹsàn-án, bàtà aláwọ rẹ̀ á ti bu, ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù á ti dúdú. Ìmọ̀ràn ò sì ní wọ́n ládùúgbò.

“Ẹ kùn ún lọ́dà, ó parí.” Irọ́ gbuu. Ohun abẹ̀mí ló ń hù lára ògiri yẹn, omi ló sì ń gbé e ró. Ọ̀dà á bò ó títí lándílọ́ọ̀dù á fi rí ayálégbé tuntun, lẹ́yìn náà ni yóò wú, tí yóò sì máa ṣí. Ibi tí omi ti ń wọlé ni kí ẹ wá. Bó bá mọ sísàlẹ̀ ògiri, omi ilẹ̀ ló ń gùn ún. Ó ṣeé ṣe kí bíríkìlà má tẹ́ náílọ́ọ̀nù sórí ìpìlẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè lẹ́bàá sílìn, ẹ fura sí páànù. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn wọ́dúróòbù nìkan, afẹ́fẹ́ ni kò débẹ̀. Ẹ fà á kúrò lára ògiri díẹ̀.

“Ilé amọ̀ ló ń rin, ilé bùlọ́ọ̀kù kì í rin.” Irọ́ tí àwa ọ̀làjú fẹ́ràn nìyẹn. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ilé Ògíámíẹ̀n, èyí tí iná ọdún 1897 kò jó nígbà táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú, ó sì wà dòní. Àwọn tó ń mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ìwà òjò: òjò á rọ̀ láti orí òrùlé sínú àgbàlá àárín ilé, ojú àgbàrá á sì gbé e jáde. Bùlọ́ọ̀kù tí yanrìn pọ̀ ju síméńtì lọ nínú rẹ̀ ń fa omi bíi kànìnkànìn. Síméńtì tí a sì fi ń rẹ́ ara ilé amọ̀ àtijọ́ kì í jẹ́ kí ògiri náà gbẹ.

“Gbogbo funfun ara ògiri ló ti bu.” Irọ́. Iyọ̀ ni òmíràn. Ẹ wọ́n omi sí i. Iyọ̀ á yòrò.

“Bílíìṣì ń pa ohun tó ń hù lára ògiri.” Lórí táìsì, òótọ́. Lára ògiri, àwọ̀ ló sábà máa ń lọ. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá o, oró ni èéfín wọn.

“Ògiri tó bu ń dá ikọ́ sílẹ̀.” Òótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀ ní 2009. Ó burú fún ẹni tó ní ikọ́ fée.

“Ẹ ṣí fèrèsé.” Bí ẹ bá ń dáná tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí òjò ò dá rárá, afẹ́fẹ́ ìta náà ti rin.

“Ọyẹ́ á tán ohun tó ń hù yẹn.” Ọyẹ́ á mú un gbẹ ni, kò ní pa á. Àsìkò ọyẹ́ yẹn ni kí ẹ gbé kápẹ́ńtà gun òrùlé, torí lóṣù Keje, kò sẹ́ni tó máa bá yín gùn ún.